Ta Ló Ní Ká Ṣí Ẹ̀rọ?

Bí ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Ṣáínà bá sọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Zone industrielle de Yopougon pé "Open the machine", kí ni kí òṣìṣẹ́ náà ṣe? Ṣé kí ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ ni, àbí kí ó tan ẹ̀rọ? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìka ọwọ́ ènìyàn lè bá a lọ.

Lóòótọ́, Faransé ni èdè ìjọba ní Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ Faransé bá pàdé ẹni tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yá lò. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti fi Abidjan ṣe ilé láti ìran dé ìran mọ irú àyálò bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ní èdè Ṣáínà, "kāi" ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Òun náà ni wọ́n fi ń tan iná, tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀, tí wọ́n sì fi ń ṣe ìpàdé. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ pé "kāi" ni "open" á ní "open the light". Kí á má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà ní "pa": a ń pa ẹran, a ń pa iná, a ń pa irọ́, a ń pa àlọ́, a sì ń pa owó. Ta ló lè fi "kill" túmọ̀ gbogbo rẹ̀?

Ti iná mànàmáná ló le jù. Bí a bá "open" ẹ̀rọ omi, omi á ṣàn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu oníṣẹ́ iná, bí a bá "open" súìsì, a ti gé iná nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ouvrir" lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ iná tó ń sọ Faransé. Ẹni tó ń fi "kāi" ronú sì fẹ́ kí iná wọlé ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn.

Kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì má ṣe kọ́ni ní ọ̀rọ̀-ìṣe lóun nìkan mọ́. Kí ó kọ́ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn: "open the door", "turn on the light", "start the machine". Kí ilé-iṣẹ́ lẹ àwọn àṣẹ pàtàkì mọ́ ara ẹ̀rọ ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú àwòrán. Àwọn kan á ní àmì I àti O ti wà lára súìsì. Òótọ́ ni, àmọ́ etí la fi ń gbọ́ àṣẹ, pàápàá nígbà tí ọ̀gá bá ń pariwo láti òdìkejì ẹ̀rọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ìbéèrè kì í gba àkókò. Ìka tó bá ti gé kì í hù mọ́.