Ilé Là Ń Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ Ẹ̀rọ Ímeèlì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Lójú tèmi, òwe yìí bá ẹ̀rọ tí ń fi ímeèlì ránṣẹ́ mu gan-an.

Ẹ wo Malete ní ìjọba ìbílẹ̀ Mórò, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara wà láti ọdún 2009. Ní irú ìlú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, orí ímeèlì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń retí lẹ́tà ìgbaniwọlé. Bí lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ kan bá já sínú àpótí spam, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ lè kọjá kí ọmọ tó mọ̀ pé a kọ̀wé sí òun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dá lẹ́bi. Èmi ní orúkọ ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó dé ló ń kí ará ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ímeèlì ń ṣe láti ọdún 1982 tí Jon Postel ti kọ ìlànà SMTP sílẹ̀: ẹ̀rọ tó gbé lẹ́tà wá yóò kí ẹ̀rọ onílé, yóò sì dárúkọ ara rẹ̀. Onílé yóò wá yẹ DNS wò, èyí tí í ṣe ìwé orúkọ Íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà IP tí àlejò yìí ti wá, orúkọ wo ni àkọsílẹ̀ PTR fún un? Bí a bá sì wá orúkọ náà, ṣé nọ́ńbà kan náà ni yóò tọ́ka sí? Ẹ̀rọ tó bá pe ara rẹ̀ ní "localhost" dà bí àlejò tí a bi pé "Ta nìyẹn?", tó dáhùn pé "Èmi ni."

Ìbéèrè kò tán síbẹ̀. SPF ló ń ka àwọn ẹ̀rọ tí onílé fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa jíṣẹ́ ní orúkọ òun. DKIM dà bí ọ̀pá àṣẹ tí ìránṣẹ́ ọba ń mú dání, kí ẹni tí a rán an sí lè gbà á gbọ́. DMARC ló ń sọ ohun tí a ó ṣe sí lẹ́tà tí kò yege. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di dandan fún àwọn tí ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́. Ti Google jẹ́ 5,000 lójúmọ́ sí àwọn oní-Gmail. Ẹni tí tirẹ̀ kéré pàápàá, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu.

Àwọn kan yóò ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kúkú máa lo Gmail ọ̀fẹ́. N kò fara mọ́ ọn. Nàìjíríà ti ní .ng láti ọdún 1995, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀ nìkan ni a sì ń fún ní .edu.ng. Ogún ni. Kò burú kí á yá ẹ̀rọ Google lò ní orúkọ tiwa, bí SPF wa bá ti dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò ní àkọsílẹ̀, ẹ̀wù tí oníjìbìtì lè gbé wọ̀ ni. Àwa tí nọ́ńbà òfin wa, 419, ti di orúkọ jìbìtì káàkiri ayé kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Kí ni ṣíṣe? Ilé-iṣẹ́ tó ni nọ́ńbà IP ló sábà máa ń kọ PTR; kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí wọn. Kí á sì yan ẹnì kan tí yóò máa tún àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ṣe nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá yí padà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fi àṣẹ "dig -x" yẹ nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ yín wò. Bí kò bá dárúkọ kankan fún yín, ẹ lọ sọ fún àwọn aláṣẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Orúkọ a máa ro ọmọ. A máa ro ẹ̀rọ náà. Ire o!