Kí Ló Ń Sọ Òṣìṣẹ́ Di Arúgbó Kí Ọjọ́ Orí Tó Dé?

A mọ̀ pé bí àwọn kan bá rí àkọlé yìí, wọn yóò bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nípa awọ ojú àti ewú orí. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ owó oṣù ni kí á máa bá àwọn sọ, kí á fi ọ̀rọ̀ ìpara sílẹ̀ fún àwọn tí ń tà á lọ́jà. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á jọ wo ojú ara wa ná. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Kúta sí Ìwó ní ìdájí, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, yóò rí ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tí ojú rẹ̀ ti hunjọ bí ojú ẹni ọgọ́ta. Yóò rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ewú ti bo iwájú orí rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń dán. Ọdún tí a bí wọn kọ́ ló ṣe é. Ìrònú àti àìsinmi ló ń jẹ wọ́n lára, a sì fẹ́ fi hàn pé ìsinmi tí òfin fún òṣìṣẹ́ tó ohun tí ẹgbẹ́ ń jà fún, bí owó oṣù ti tó o.

Bí ọ̀ràn náà ti rí nìyí. Nígbà tí ìpayà bá bá ènìyàn, àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín wa a máa tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní cortisol. Omi yìí dára ní àkókò tirẹ̀. Bí bíréèkì bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó wà lára ohun tí ń mú kí awakọ̀ ta jí, kí ó di sítíárì mú, kí ó wá ibi tí yóò darí ọkọ̀ sí. Bí ewu bá ti kọjá, ó yẹ kí ó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewu kò bá kọjá ńkọ́? Owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀, onílé ń kanlẹ̀kùn, ọ̀gá ń halẹ̀ pé òun yóò dá ènìyàn dúró, onímọ́tò ń retí owó rẹ̀ lálẹ́ yálà èrò wọkọ̀ tàbí èrò kò wọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó ń ra epo tàbí tó ń wọ ọkọ̀ tí kò mọ ohun tí à ń wí. Ara wà lójú ogun láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, cortisol yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba ohun tó gbé awọ ara ró jẹ́. Awọ yóò fẹ́lẹ́, kò ní lè di omi inú rẹ̀ mú mọ́, ara yóò máa gbẹ, yóò máa yún, irorẹ́ yóò máa sọ sójú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn lásán ni. Ní ọdún 1995, ọ̀mọ̀wé Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà kó obìnrin 13 jọ tí wọ́n ń tọ́jú ìbátan wọn tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kó obìnrin 13 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn bá ti àwọn àkọ́kọ́ mu, ṣùgbọ́n tí wọn kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá egbò kékeré kan náà sí gbogbo wọn lára. Egbò àwọn tó wà nínú ìdààmú fi nǹkan bí ọjọ́ 9 pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kí ó tó jinná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, tí irin ń bù yín lọ́wọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn wò. Nígbà tí ọ̀gá bá ní egbò òṣìṣẹ́ kan ti ń pẹ́ jù, pé ó ń díbọ́n ni, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ bi ẹni náà léèrè bí ó ti ń sùn sí.

Ní ọdún 2004 ẹ̀wẹ̀, Elissa Epel àti Elizabeth Blackburn ní California ṣe ìwádìí tiwọn lára ìyá ọlọ́mọ 58, tí púpọ̀ nínú wọn ń tọ́jú ọmọ tí àìsàn ti wọ̀ lára. Nínú ara wa, àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí ohun tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa wà nínú wọn. Ẹnu okùn náà ní ohun kan tó dì í kí ó má bàa tú, bí a ti ń fi iná jó ẹnu okùn ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù sórí ọkọ̀. Bí a ti ń dàgbà ni ìdè yìí ń kúrú. Wọ́n rí i pé lára àwọn ìyá tí ìdààmú wọn pọ̀ jù lọ, ó ti kúrú bí ti ẹni tó fi nǹkan bí ọdún 10 jù wọ́n lọ. Blackburn àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009 lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nípa ìdè ẹnu okùn náà. Ọdún mẹ́wàá! Ófátáìmù wo ló lè san ìyẹn padà?

Ti ewú náà kò yàtọ̀. Ní ọdún 2021 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York yẹ irun àwọn ènìyàn 14 wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wé ohun tí ojú àwọn kan nínú wọn ti rí láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n rí irun tó ti funfun tó tún padà ní àwọ̀. Irun márùn-ún lórí ẹnìkan dúdú padà ní àkókò tí ẹni náà lọ fún ìsinmi. Kí ẹ̀yin bàbá wa tí orí yín ti funfun báláú má tìtorí èyí sọ pé ẹ ń lọ fún lífù kí orí lè dúdú o. Àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn ní irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà ló ṣeé ṣe fún.

Ó tọ́ kí á fi kún un pé ìrònú nìkan kọ́. Sìgá wà níbẹ̀, òòrùn sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012, ìwé àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní New England Journal of Medicine tẹ àwòrán awakọ̀ akẹ́rù kan jáde, ẹni ọdún 69, tó ti fi ọdún 28 wakọ̀. Apá òsì ojú rẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ ti nípọn, ó ti hunjọ, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún dára jù ú lọ fíìfíì. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ a máa dí ìtànṣán tí ń jó ara lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí èyí tí ń wọ inú awọ lọ jìnnà kọjá. Níbí náà, apá òsì ni awakọ̀ wa ń jókòó sí, láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ti ní kí á máa gba apá ọ̀tún ọ̀nà. (Àwọn àgbà awakọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ bá wa wo apá ọ̀tún ojú wọn.) Àwọ̀ dúdú wa ń gbà wá lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìyà òòrùn, ṣùgbọ́n kò gbà wá tán. Ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn àti akẹ̀tẹ̀ wúlò fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbangba.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni ohun tí wọ́n ń tà fún òṣìṣẹ́ ní ìdí ọ̀ràn yìí. Bí ojú ènìyàn bá ti rẹ̀, tí ó ti dúdú lábẹ́ ẹyinjú, ọlọ́jà yóò ní kí ó ra ìpara tí ń bó ara, pé yóò tún padà di ọmọge. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé mẹ́kúrì tó wà nínú àwọn kan lára ìpara àti ọṣẹ wọ̀nyí ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba awọ náà jẹ́, ó sì lè dá àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí àníyàn bà lójú jẹ́ tún lọ fowó ra àníyàn mìíràn nínú ike. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2013 ní kí ṣíṣe ìpara oní-mẹ́kúrì dópin ní ọdún 2020, NAFDAC sì ń kìlọ̀ níbí, síbẹ̀ irú rẹ̀ kò tíì tán lórí àtẹ. Ẹlòmíràn kò ra ìpara, paraga ló ń mu ní gáréèjì kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Ọtí a máa mú oorun wá kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí oorun náà jinlẹ̀, ọjọ́ kejì a sì wá burú ju ti àná lọ. Ti pé ó lè pa awakọ̀ àti èrò lójú ọ̀nà, a ti sọ ọ́ sú.

Ìtọ́jú tí a bá nílé kò wọ́n. Òrí tí wọ́n ń kó wá láti apá Ṣakí àti Òkè-Ògùn ń di omi mọ́ awọ lára, pàápàá nígbà ọ̀yẹ́. Kí ènìyàn fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó bu òrí díẹ̀, kí ó fi pa ọwọ́, ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwa gbà pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà pàápàá jẹ́ ara oògùn, nítorí pé ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ìgbà yẹn nìkan ló fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń nu òógùn. Ẹ̀yin ọkùnrin, kò ní sọ yín di obìnrin.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ju òrí lọ. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló fi hàn ayé. Nígbà tí ó ń darí ilé ìwòsàn Àrò láti ọdún 1954, kò ti gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé gbé, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Bí ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ bá lè ran irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, mélòó mélòó ni ẹni tó kàn ń ro bí ọ̀la yóò ti rí? Ẹni tó bá ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ayò lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò fi àkókò ṣòfò. Ẹni tí kò bá lè sùn, tí kò lè jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ó ń ro pé kí òun kú, kí ó má dá a ro, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àrò wà ní Abẹ́òkúta, UCH wà ní Ìbàdàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958 tó ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní asínwín.

Ẹni tí kò ráyè sùn, kí ni yóò wá fi òrí ṣe? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹgbẹ́. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Nínú ọjọ́ 7, ó gbọ́dọ̀ ní odindi wákàtí 24 tí kò fi ní ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti lo oṣù 12, ìsinmi ọdún tí owó ń tẹ̀lé tọ́ sí i, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, òfin kò sì gbà kí agbanisíṣẹ́ san owó dípò rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi púpọ̀ ni wákàtí náà ti di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n sì ń fi owó díẹ̀ ra lífù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí owó. A kò bá òṣìṣẹ́ náà wí. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin gbé ka ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, kí ló lè rà tó tí ènìyàn kò fi ní ta ìsinmi rẹ̀? Agbanisíṣẹ́ tó ń rà á ni à ń bá wí.

Ti àwọn awakọ̀ ṣòro jù. Ẹni tó ń wa mọ́tò onímọ́tò, tó ń kó owó fún un lálẹ́, kì í sábà ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí yóò fi bèèrè lífù. Àfi kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe é ní gáréèjì: kí awakọ̀ tó bá gba ọjọ́ kan sinmi lọ́sẹ̀ má pàdánù tọ́ọ̀nù rẹ̀ nígbà tó bá padà, kí a sì bá àwọn onímọ́tò jókòó lórí owó ọjọ́ náà. Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ ni a fẹ́ gbé e kalẹ̀. Kí ìpàdé tó tó, kí olúkúlùkù kọ wákàtí tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wákàtí tó ń parí, àti ìgbà tó lọ fún lífù kẹ́yìn, sínú ìwé pélébé, láìkọ orúkọ sí i, kí ó kó o fún akọ̀wé. Àwọn tí kò bá lè kọ, akọ̀wé yóò bá wọn kọ ọ́.