Ilẹ̀kùn Tí Ìjọba Tì Kọ́ Ló Ń Pa Tálákà

Ẹ̀yin ará Kétu, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń sọ lọ́jà, tí a ń sọ nídìí ọkọ̀, tó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: “Ìjọba tó bá ti ilé ìwòsàn pa, tálákà ló tìlẹ̀kùn mọ́.” Irọ́ ni, irọ́ tó ń gbẹ̀mí sì ni.

Ẹ wo inú irú ilé ìwòsàn àdáni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Obìnrin bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Abẹ́rẹ́ oxytocin ló yẹ kí wọ́n gún fún un, fíríìjì ló sì yẹ kí abẹ́rẹ́ náà máa gbé, láàárín òtútù dígíríì 2 sí 8. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ púpọ̀, tí ooru mú un, agbára rẹ̀ á ti dín kù nínú ìgò. Agbẹ̀bí gún un, ó dúró, ó tún un gún. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Kí wọ́n tó rí ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pọ́bẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Owó tó san kéré sí ti ibòmíràn, mo gbà. Kí ló fi rà?

Ní Pọ́bẹ̀ yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti egbò Buruli wà, àwọn ará Nàìjíríà pàápàá ń kọjá ibodè wá síbẹ̀. Buruli sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìdunni: kókó kékeré kan lábẹ́ awọ. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan tí kò mọ ohun tó ń wò bá dá ọmọ tó ní in dúró, tó ń gún un ní abẹ́rẹ́ láti oṣù dé oṣù, egbò á fẹ̀, apá tàbí ẹsẹ̀ á ká kò, kò sì ní nà mọ́. Ọmọ tálákà ni. Ta ló ṣe é níbi: ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni, àbí ẹni tó ṣí i?

Láti 1997 ni òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ní àdáni kọ́kọ́ gba àṣẹ. Àwọn kan á ní bí ìwé bá ti jáde, ó parí. Kò parí. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Ìjọba lè dá a dúró kí onílé tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń da méjèèjì pọ̀, tí ẹ ń pè é ní ìkà, ẹ rántí ilé ìwòsàn Winterbourne View nítòsí Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé wọn pé. Nọ́ọ̀sì kan pariwo fún àjọ tó ń ṣọ́ wọn, àjọ náà kò mira. Ìgbà tí BBC fi han gbogbo ayé ní 2011 bí wọ́n ṣe ń lu àwọn aláìlera ibẹ̀ ni wọ́n tó tì í. Òṣìṣẹ́ 11 ló jẹ̀bi, 6 wẹ̀wọ̀n. Ohun tó ṣe àwọn aláìlera náà ni pé wọn kò tètè ti ilẹ̀kùn.

Kétu ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí, àwa tí a ní ẹnubodè Àkàbà Ìdènà. Àwọn bàbá wa kò rò pé ẹni tó ti ẹnubodè lálẹ́ kórìíra ará ìlú.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n fi irọ́ lé irọ́. Ibi kan wà tí ẹ jàre: bí wọ́n bá lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n wọkọ̀ lọ, tí aboyún tó wà nínú ilé kò mọ ibi tí yóò gbà. Ìyẹn ni ká bá wọn jà lé lórí. Kí bébà náà sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí onílé ṣẹ̀, ní èdè tí a gbọ́. Kó sọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, àti ibi tí onílé lè gbà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ síbi tó ní dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí nọ́ọ̀sì ìjọba sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní sẹ́ńtà tó sún mọ́ ibẹ̀, lóru pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti ilé kan pa ní Ìlárá láìṣe èyí, èmi náà á tẹ̀ lé yín lọ sí gbọ̀ngàn ìlú lọ béèrè.