Erukuru tí Ojú Kò Rí, Ìwádìí tí Kò Gbọdọ̀ Pamọ́

Ní ọdún 1906, Denis Auribault, ẹni tí ìjọba ilẹ̀ Fàráǹsé yàn láti máa bẹ àwọn ibi iṣẹ́ wò, kọ ìròyìn kan nípa ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran òwú amiante ní agbègbè Calvados. Ó sọ níbẹ̀ pé erukuru tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fà símú ń pa wọ́n. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997 ni ilẹ̀ Fàráǹsé tó fi òfin de amiante. Ọdún 91 ni ó wà láàárín ìkìlọ̀ àti òfin. Láàárín àkókò náà, àwọn kan mọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn wà nínú àpótí: ti dókítà lọ́tọ̀, ti olówó ilé-iṣẹ́ lọ́tọ̀, òṣìṣẹ́ tí ń wúkọ́ ni kò rí nǹkan kan kà.

Ìtàn yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀-ẹ̀rọ nano. Bí wọ́n bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nanomítà. Ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín 1 sí 100 nanomítà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní nano. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80 000. Ní ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀, nǹkan a máa yí ìwà padà. Wúrà a di pupa nínú omi. Titanium dioxide, ẹ̀tù tí ń mú kí ọ̀dà funfun báláú, kì í hàn lára mọ́ bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú ìpara tí ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn. Ẹwà rẹ̀ nìyí. Ewu rẹ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí irú èérún bẹ́ẹ̀ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí kan, tí àwọn ará Edinburgh wà lára wọn, fi hàn pé carbon nanotube tí ó gùn, bí ó bá wọ inú ikùn eku, a máa fa ìwúlé àti egbò irú èyí tí amiante ń fà. Èyí tí ó kúrú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, NIOSH, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlera òṣìṣẹ́, dábàá pé kí ó má ju microgram 1 lọ nínú mítà kúbù afẹ́fẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ ń mí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, IARC, àjọ àgbáyé fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tí ó fi Lyon ṣe ibùjókòó, ka ẹ̀yà kan nínú wọn mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Ní ti àwọn ẹ̀yà yòókù, ẹ̀rí kò tíì tó láti dájọ́.

Ẹ̀rí tí kò tó yìí ni àjùmọ̀ṣe wà fún. Ẹ̀tù méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ bí wọ́n bá ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì wá; bí yàrá ìwádìí kọ̀ọ̀kan bá sì ń wọn tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, àbájáde wọn kò ní bára mu. Ìdí nìyí tí OECD fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 2006, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì pín àwọn ohun nano láàárín ara wọn fún àyẹ̀wò. South Africa, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ OECD, ni ó gba wúrà. Ilẹ̀ Fàráǹsé ní tirẹ̀ pàṣẹ pé, láti ọdún 2013, ẹni tí ó bá ń ṣe ohun nano, tàbí tí ń kó o wọlé, tàbí tí ń pín in fún oníṣòwò, bí ó bá ti tó 100 giramu lọ́dún, gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún ìjọba. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kọjá ààlà ilẹ̀ Fàráǹsé, ọjà sì ń kọjá.

Àléébù àjùmọ̀ṣe náà nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun nano ni ó ń tẹjú mọ́. Ibi tí nǹkan náà ń gbó sí, tí ó ń fọ́ sí, kò gba àfiyèsí tó. Ẹni tí ń ha ọ̀dà àtijọ́ lára ògiri ní Àjàṣẹ́, ẹni tí ń gé símẹ́ńtì tó ti le ní Kétu, ẹni tí ń dáná sun kọ̀ǹpútà àlòkù kí ó lè rí bàbà yọ nínú wáyà rẹ̀: ta ni ń wọn erukuru tí wọ́n ń fà símú?

Àwọn kan yóò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò ní ìmọ̀ tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, ìwé ìròyìn onímọ̀ tí ń jẹ́ Carcinogenesis tẹ iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí Bẹ̀nẹ̀ àti ti Denmark jọ ṣe ní Kútọnu jáde. Wọ́n wọn benzene àti èérún tí kò tó 100 nanomítà nínú afẹ́fẹ́ tí àwọn awakọ̀ zémidjan àti àwọn tí ń gbé etí títì ń mí, wọ́n sì fi wọ́n wé ará abúlé. Wọ́n rí i pé DNA inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú bàjẹ́ ju ti ará abúlé lọ. Èéfín ẹ́ńjìnì kì í ṣe ohun nano tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ bí wọ́n ti ń ka ọ̀kan yóò mọ bí wọ́n ti ń ka èkejì. Ẹ̀dọ̀fóró kì í kúkú béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ erukuru.

Àwọn mìíràn yóò ní ibà àti ebi ni ó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2017 kò béèrè ohun ńlá: kí wọ́n dín ohun tí òṣìṣẹ́ ń fà símú kù, pàápàá nígbà ìmọ́tótó àti àtúnṣe ẹ̀rọ, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì wà níbi ìjíròrò. Ibi tí owó kò sí, omi tí wọ́n wọ́n sílẹ̀ kí ìgbálẹ̀ tó kàn án, ìbomú gidi àti fèrèsé tó ṣí tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àdéhùn ló kù. Èyí tí yunifásítì ilẹ̀ yìí bá fẹ́ bọwọ́ lù pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé ẹ̀rọ ìwọn kò ní bá àlejò padà sílé, pé àbájáde yóò jáde bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ olówó nínú, pé ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ yóò gbọ́ èsì ní Yorùbá, ní Fọn tàbí ní Dendi, kí wọ́n tó gbọ́ ọ ní Copenhagen tàbí ní Paris. Èyí tí kò bá ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.