Bí Aládùúgbò Bá Fẹ́ Ní Mísáìlì, Ó Yẹ Kó Wí fún Wa



Láti ìgbà tí rédíò ti ń ròyìn mísáìlì tí Iran àti Israel ń jù lu ara wọn, ìbéèrè kan ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ìgólò: ṣé Nàìjíríà náà ò ní ṣe tirẹ̀ ni? Àwọn kan ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìbá dára bẹ́ẹ̀, kí òyìnbó lè máa bẹ̀rù aláwọ̀ dúdú. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀fẹ̀, torí pé ó ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2004, àwọn aṣojú Kòríà Àríwá wá sí Abuja. Yang Hyong Sop ló ṣáájú wọn, wọ́n sì rí Atiku Abubakar tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà. Lẹ́yìn ìpàdé náà ni agbẹnusọ rẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn pé Kòríà Àríwá fẹ́ bá Nàìjíríà pín ìmọ̀ mísáìlì. Amẹ́ríkà fárí gá. Kò pẹ́, ìjọba Nàìjíríà ní kò sí àdéhùn kankan. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ ètò ààbò wọn gbé ìwé jáde pé Pakistan fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ní agbára núkílíà. Nígbà tó yá, wọ́n ní àṣìṣe ẹni tó tẹ ìwé náà ni. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: Amẹ́ríkà tó wà lókè òkun béèrè, ó rí ìdáhùn gbà. Àwa tí a jọ pa ààlà, ẹnu rédíò la ti gbọ́.

Kí ni nǹkan tí à ń wí yìí gan-an? Ó jọ òkò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á tì í lọ sókè réré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì kú. Láti ibẹ̀, agbára tí wọ́n fi jù ú ló máa gbé e lọ títí yóò fi já wálẹ̀. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè pè é padà. Èyí tí kò kúrú tí kò sì gùn jù nínú wọn máa ń rin 1,000 sí 3,000 kìlómítà. Irú rẹ̀ ni Nodong tí Kòríà Àríwá dán wò ní 1993, ó sì lè fi kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ tàsé ibi tí wọ́n rán an. Láti Kánò dé Ìfọ̀nyìn kò pé 1,000 kìlómítà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò fi dé. Ẹni tó gbé omi àmàlà kaná, omi náà lè má tíì hó.

A ò sọ pé Nàìjíríà ń wá wa níjà o. Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wà lọ́hùn-ún ní Ìpókíá, àwa wà níbí, ọmọ ìyá ni wá. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà kan gbìyànjú láti fipá gbàjọba ní Kútọnú lọ́jọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025, ìjọba wa ló ké sí Nàìjíríà, ọkọ̀ òfuurufú ogun wọn sì wá. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ohun tí mísáìlì máa ń ṣe láàárín aládùúgbò, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá yìn ín.

Ẹ wo India àti Pakistan. India dán Agni wò ní 1989. Pakistan gba ìmọ̀ Nodong, ó dán Ghauri wò ní oṣù kẹrin ọdún 1998. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1999, India yọ Agni kejì. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, Pakistan yọ Ghauri kejì. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Ohun tí ọ̀kan bá ní, èkejì á wá a dandan. Níbi tiwa ńkọ́? Nijẹr, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS láti oṣù kìíní ọdún 2025, ìfura sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọlé, ta ni yóò jókòó wò ó?

Àwọn kan á ní Nàìjíríà nílò rẹ̀ nítorí Boko Haram àti àwọn ajínigbé. Ẹ jọ̀wọ́, mísáìlì tó ń tàsé ní kìlómítà kan kò lè mú ẹni tó gun ọ̀kadà nínú igbó. Lọ́jọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2025, Amẹ́ríkà fi mísáìlì kọlu àwọn kan ní Sókótó. Irú tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí à ń wí, ó ń fò nílẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ń darí rẹ̀ títí dé ibi tó ń lọ. Síbẹ̀ àfọ́kù rẹ̀ já sí Ọ̀fà, ní Kwara. Bí èyí tó lójú bá ń ṣe báyìí, èyí tí kò lójú ńkọ́? Òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

Òfin wà, àmọ́ àlàfo wà láàárín rẹ̀. Àdéhùn Pelindaba ọdún 1996, tó di òfin ní 2009, kọ bọ́ǹbù núkílíà sílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan mísáìlì tó lè gbé e. Àdéhùn tí ECOWAS ṣe ní 2006 dá lórí ìbọn àti ohun ìjà kéékèèké. Ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí nílùú Hague ní 2002 ní kí orílẹ̀-èdè máa kéde kó tó yin irú nǹkan báyìí, àmọ́ kò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ rí i pé inú àlàfo yìí gan-an ni mísáìlì lè gbà wọlé.

A ò ní kí Nàìjíríà má kọ́ ìmọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní ibi ìwádìí ròkẹ́ẹ̀tì, sátẹ́láìtì sì wúlò fún àgbẹ̀ àti fún ìkìlọ̀ omíyalé. Ṣùgbọ́n ròkẹ́ẹ̀tì àti mísáìlì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Gbangba ló yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá kò jìnnà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, a sùn, a jí, a gbọ́ pé Nàìjíríà ti ti bodè. Epo pupa dúró, gààrì dúró, àwọn onízẹ́míjàn ò rí èrò gbé. Ìdí-Ìrókò ò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Kò sẹ́ni tó bi Ìgólò léèrè kí wọ́n tó tì í. Bodè tí wọ́n tì, wọ́n tún un ṣí. Mísáìlì tí wọ́n bá ti kọ́, ta ni yóò tú u?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọba wa, a bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá pàdé Méèrì wa. Kí àwọn aṣòfin wa tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́ béèrè pé kí ECOWAS dí àlàfo náà: kí orílẹ̀-èdè kankan níhìn-ín má ṣe ra mísáìlì tó ń lọ jìnnà tàbí kọ́ ọ láìsọ fún àwọn tó bá a pa ààlà. Kí ẹ̀yin ọba wa sì bá àwọn ọba Ìpókíá sọ ọ́, kí àwọn náà lè sọ ọ́ dé Abuja. Ohùn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bodè wá, ó ṣòro láti pè é ní ohùn ọ̀tá.

Àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A ti sọ tiwa. Ó kù sí ọwọ́ yín.