Kí Á Tó Ra Kọ̀ǹpútà Géèmù fún Ọmọ, Kí Á Kọ́kọ́ Ro Ti Iná

Ìtàn àwọn olùkọ́ àtijọ́ àti ti ilé tuntun tí a kọ́ ni a sábà máa ń kà nínú irú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo lónìí: ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí yóò lè fi ṣe géèmù, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ òbí.

Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa òbí. Èkínní ni pé géèmù kò ní í jẹ́ kí ọmọ kàwé, nítorí náà kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí owó díẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún, tí ó sáré lọ sí ọjà, tí ó sì gba ohunkóhun tí òǹtajà bá gbé lé e lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé ìdáhùn méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí ó tọ́ ni kí òbí àti ọmọ jókòó pọ̀, kí wọ́n fi ìwọ̀n owó tí ó wà nílẹ̀ yan ẹ̀yà kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí iná mànàmáná tí yóò gbé e.

Èmi fúnra mi jẹ̀bi ẹ̀sùn kejì yìí. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọdún kejì ní ìpele àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama, ó tọ́jú owó tí ẹbí fún un ní Kérésìmesì méjì, mo sì fi tèmi kún un. A wọ ọkọ̀ láti Mowe, a gba Berger kọjá lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Ọmọ náà ti kọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ sínú ìwé. Èmi kò tilẹ̀ kà á. Káàdì àwòrán ńlá kan ni ó wọ̀ mí lójú, mo sì ná ju ìdajì owó wa lọ lórí rẹ̀. Nígbà tí ó kan power supply, ìyẹn àpótí irin tí ń gba iná wọlé tí ó sì ń pín in fún gbogbo ẹ̀yà yòókù, mo ní kí wọ́n fún wa ní èyí tí ó pọ́ọ́kú jù lọ. Ọmọ mi rọra fà mí láṣọ, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ra ìyẹn.” Mo ní kí ó dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iná dé lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ. A gbọ́ ìró kan, òórùn ohun tí ó jóná sì gba inú ilé. Power supply náà kú, ó sì pa mọ́dábọ́ọ̀dù àti káàdì olówó ńlá náà mọ́ ara rẹ̀. Ọmọ náà kò bá mi jà. Ó kàn wọ yàrá rẹ̀, ó sì rọra pa ìlẹ̀kùn dé. Owó tí ó ṣòfò dùn mí, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ó pa dé yẹn ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ iná náà dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa. Agbára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ. Káàdì àwòrán kan bíi RTX 3070 lè jẹ wáàtì 220 ní òun nìkan. Ẹ fi pírósẹ́sọ̀, mónítọ̀, fáànù àti gílóòbù ilé kún un, ẹ ó rí i pé ẹrù náà ti fẹ́ wúwo jù fún ẹni tí yóò rù ú. Ní ìdà kejì, káàdì GTX 1650 tí ó jáde ní ọdún 2019 kò jẹ ju wáàtì 75 lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì nílò okùn iná ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n iná àdúgbò ni kí ó jẹ́ ìwọ̀n kọ̀ǹpútà wa.

Nítorí náà, power supply ni kí ó ṣíwájú nínú ìwé ohun rírà. Kí á ra èyí tí iléeṣẹ́ tí a mọ orúkọ rẹ̀ ṣe, tí ó sì ní àmì 80 Plus lára. Ìtumọ̀ àmì náà ni pé, ó kéré tán, ìdá 80 nínú 100 iná tí ó gbà wọlé ni yóò dé ara àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, tí kò ní í ṣòfò sí ooru. Wáàtì 450 sí 550 tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Nọ́ńbà gàdàgbà ara páálí kì í ṣe ẹ̀rí. Iye tí wọ́n kọ sí ìlà 12V ni kí á wò, nítorí ibẹ̀ ni pírósẹ́sọ̀ àti káàdì àwòrán ti ń gba iná tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni kí á ra UPS, kí ọmọ lè ráyè pa ẹ̀rọ náà bí ó ti yẹ nígbà tí iná bá lọ lójijì.

Ohun kejì ni ìpìlẹ̀ tí a lè kọ́ ilé lé lórí nígbà tó bá yá. Ní ọdún 2016 ni iléeṣẹ́ AMD gbé irú ìjókòó pírósẹ́sọ̀ kan tí a ń pè ní AM4 jáde, ó sì ṣì ń ṣe pírósẹ́sọ̀ tuntun fún un ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ra mọ́dábọ́ọ̀dù AM4 tí ó dára lè pààrọ̀ pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú láì ra mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn. Èyí tí mo fẹ́ràn fún ilé tí kò lówó púpọ̀ ni Ryzen 5 5600G ti ọdún 2021. Wáàtì 65 ni ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ̀yà tí ń ya àwòrán sì ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ lè fi ṣe Minecraft, Valorant àti géèmù bọ́ọ̀lù láì tíì ra káàdì kankan, bí ó bá gbà láti dín bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó kù.

Ní ti RAM, gígábáìtì 16 dára, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹyọ 8 méjì dípò ẹyọ 16 kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ibafo, nígbà tí wọ́n dí apá kan òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, yóò mọ ìdí rẹ̀. Ẹyọ méjì ni ọ̀nà méjì, ẹyọ kan sì ni ọ̀nà kan. Pírósẹ́sọ̀ tí ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ nílò ọ̀nà méjèèjì. Ó yẹ kí á tún mọ̀ pé láti ìparí ọdún 2025 ni owó RAM ti ń gbéra káàkiri àgbáyé, nítorí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí ń rà á jọ fún iṣẹ́ AI. Bí ẹ bá ti ní èyí tí ó bá mọ́dábọ́ọ̀dù yín mu nílé, ẹ má tà á. Kí ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ náà sì jẹ́ SSD, kì í ṣe háàdì díìsìkì àtijọ́ tí ń yí bíi àwo orin.

Káàdì àwòrán ni kí ó gbẹ̀yìn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí a bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí á la ojú wa sílẹ̀. Nígbà tí Ethereum yí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ káàdì tí àwọn ènìyàn ti fi ń wá owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru ni ó di ọjà títà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí á má ṣe sanwó títí tí wọn yóò fi tan géèmù lórí rẹ̀ lójú wa fún bí ìdajì wákàtí, kí á fetí sí fáànù rẹ̀, kí á sì wò ó bóyá àwòrán ń fọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì, ó sì yẹ ìlú tí iná kì í dúró sí. Òótọ́ ni. Bí ọmọ bá ń lọ gbé ilé ẹ̀kọ́ gíga, alágbèéká ni kí á rà. Ṣùgbọ́n bí èyí tí wọ́n ṣe fún géèmù bá bàjẹ́, ìgbà púpọ̀ ni káàdì àwòrán àti mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì lọ nìyẹn. Àwọn mìíràn yóò ní owó wọn kò tó ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Fún wọn, tòkunbọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk dára, bí pírósẹ́sọ̀ Intel inú rẹ̀ bá jẹ́ ti ìran kẹjọ sókè. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba èyí tí ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n rántí pé káàdì kúkúrú nìkan ni ó wọ inú àwọn tí ara wọn tín-ínrín.

Ti ìwé kíkà ńkọ́? Láti ọdún 2015 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò UTME. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ bọ́tìnnì kò ní í máa wá ẹyọ lẹ́tà kiri nígbà tí aago bá ń sáré. Iṣẹ́ sì wà nínú géèmù pẹ̀lú: ní Èkó níbí ni Hugo Obi ti dá iléeṣẹ́ Maliyo Games sílẹ̀ ní ọdún 2012. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ń ṣe géèmù ni yóò di olùdásílẹ̀ iléeṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tí ó bá fi owó díẹ̀ yan ẹ̀yà mẹ́fà tàbí méje tí ó bá ara wọn mu ti kọ́ ìṣirò àti sùúrù. Ẹ ní kí ó ṣe ìṣirò iná náà fún yín. Kọ̀ǹpútà tí ń jẹ wáàtì 200, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, yóò jẹ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá yúnìtì kan. Ní náírà 225 tí wọ́n bù lé yúnìtì kan fún Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 135 nìyẹn lójúmọ́, tàbí 4,050 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye yẹn sílẹ̀ yóò mọ ìdí tí ẹ fi ní kí ó pa á ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa òbí ni a ní owó, a sì mọ ojú ọjà. Àwọn ọmọ ni wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú páálí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo kan ìlẹ̀kùn ọmọ mi, mo ní kí ó dárí jì mí, mo sì ní kí ó mú ìwé ọjọ́sí wá. Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, power supply ni ó wà ní ìlà àkọ́kọ́. A tẹ̀lé ìwé náà bí ó ti wà, láì ra káàdì. Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni a tó rí owó káàdì kékeré kan fi kún un. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni n óò fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ fún ìpàdé àjọ̀dún, ẹ má ṣe kó RAM, háàdì díìsìkì àti mọ́dábọ́ọ̀dù tí ẹ ti pààrọ̀ dànù. Ẹ gbé wọn wá sí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ti kú. Ọmọ tí ó bá tú òkú kọ̀ǹpútà palẹ̀ lójú olùkọ́ rẹ̀ yóò mọ ohun tí yóò bi òǹtajà ní Ìkẹjà, òbí rẹ̀ yóò sì rí ẹni bá dámọ̀ràn kí ó tó sanwó.