ỌGBÀ ÌGBAFẸ́ KÌ Í ṢE TI OLÓWÓ NÌKAN

Àwọn àgbà wa ló sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tọrọ ìbò kò ju ọ̀nà ọlọ́dà, iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ àti ọjà tuntun lọ. Gbogbo rẹ̀ ló dára, a kò sì ní kí wọ́n má ṣe é. Àmọ́ ohun kan wà tí kì í jáde lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ yín ni: ibi tí bàbá, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà lè lọ lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n rìn lábẹ́ igi, kí wọ́n jókòó, kí ara tù wọ́n, láìsí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè mọ́ wọn létí. Ọgbà ìgbafẹ́ là ń sọ.

A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹni tí kò tíì rí oúnjẹ jẹ yó, kí ló fẹ́ fi ọgbà ṣe?" Ẹ jẹ́ kí á dá wọn lóhùn.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn dáadáa á mọ Ọgbà Agodi. Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sì jìnnà sí Sẹkitéríàtì ìjọba. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ẹ ó rí ohun tí à ń wí. Ọ̀nà ìrìn wà níbẹ̀ tó tẹ́jú, tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè tọ̀, tí ìyá àgbà tó ń tẹ̀pá náà lè tọ̀. Igi ńláńlá ṣíji bò ó. Adágún omi wà. Ẹranko wà tí àwọn ọmọ ń wò. Ẹ ó rí ìdílé tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, tí wọ́n ṣí kúlà ìrẹsì, tí àwọn ọmọ ń sáré yí igi ká, tí bàbá wọn bọ́ bàtà tó sì sùn lọ. Ṣé ìwà ọ̀làjú ti olówó nìyẹn? Ìsinmi ọmọ ènìyàn ni!

Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ni Agodi, olú ìlú ló sì wà, wọ́n sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn tàbí Kíṣì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, owó ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, kó tó ra omi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lè lọ, bó bá tiẹ̀ lè lọ rárá. Ọgbà tí èèyàn ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àríyá nìyẹn. Ọgbà tó ń ṣe ara lóore ni èyí tó wà nítòsí ilé, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ tàbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kìkì ilé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin igi odán sí ojúde ọba àti sí ọjà, kí arìnrìn-àjò lè rí ibi jókòó, kí àgbà rí ibi ta ayò. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ó wà níbẹ̀ títí di òní létí ìlú ńlá, Unesco sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ní ọdún 2005. Èèwọ̀ ló pa á mọ́ tí wọn kò fi gé e. Lónìí tí èèwọ̀ kò lágbára mọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú, òfin àti ìbò yín ló kù tó lè pa ìyókù mọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa? Pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ilé ìtajà. Igi tí à ń sinmi lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gé e. Àwọn ọmọ wá ń ṣeré lójú títì, ọlọ́kadà ń sá wọn, wọ́n ń sá ọlọ́kadà.

Àwọn dókítà kò yé pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lára da lọ́sẹ̀, kí ọmọdé máa fi ìṣẹ́jú 60 ṣe é lóòjọ́. Ìrìn tó yá díẹ̀ tó fún àgbà. Kò gba owó, kò gba oògùn. Àgbẹ̀ tó ń lọ oko ti ń rìn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó ti ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́? Télọ̀ ńkọ́? Awakọ̀ ńkọ́? Níbo ni kí wọ́n ti rìn? Ṣé lójú ọ̀nà tí tírélà ń gbà ni?

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, Ọgbà Agodi pàápàá fara gbá a kí wọ́n tó tún un ṣe. Ilẹ̀ tó ní koríko àti igi ń mu omi òjò. Kankéré kì í mu omi. Etí odò tí a bá sọ di ọgbà, bí omi bá tilẹ̀ bò ó, kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀. Etí odò tí a bá kọ́lé sí, òkú là ń kó níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣí ìwé òfin. Nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n dárúkọ ọ̀nà, iná ojú títì àti gọ́tà. Nínú gbólóhùn kan náà ni wọ́n ti dárúkọ ọgbà ìgbafẹ́, ọgbà òdòdó àti gbàgede ìlú. Kì í ṣe àánú, kì í ṣe oore. Iṣẹ́ tí alága káńsù ń gba owó oṣù lé lórí ni. Ilẹ̀ ńkọ́? Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro sábẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀.

Wọ́n á ní kò sówó, pé gómìnà ló ń di owó àwọn mú. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú. Alága tó bá ń ráhùn pé owó kò dé ọwọ́ òun, kí ó sọ ohun tí ó ti ṣe láti gba ẹ̀tọ́ ìlú rẹ̀.

Àti pé, kí ni ọgbà kékeré fẹ́ ná wa? A kò béèrè odò ìwẹ̀. Ilẹ̀ tí a wọ̀n, tí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè tà á. Igi. Ọ̀nà ìrìn tó tẹ́jú, tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Bẹ́ǹṣì, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, olùṣọ́ kan tàbí méjì. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùdìbò, bí olóṣèlú bá wọ àdúgbò yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi ṣe ọgbà fún wa? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, láti inú owó wo? Èwo nínú ilẹ̀ ìlú ni wọ́n ti tà, ta ló rà á? Ẹ bi àwọn tó wà lórí oyè. Ẹ bi tiwa náà. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ rí i.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má dákẹ́ títí wọn yóò fi ta ibi tí àwọn ọmọ yín ń rìn sí.